Aṣọ tí Sálámátù Pè ní Tirẹ̀

Tíṣà Cecilia fa etí aṣọ tó wà lórí òfì, ó yí i wò, ó tún fà á.

"Ìwọ lo hun èyí?"

Òfì méjì ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní Ògìdì. Èyí tí tíṣà ń wò jẹ́ ti Rachel, ọmọ àbúrò bàbá Sálámátù, tó ti lọ tọ́jú ìyá ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ìyàrá. Aṣọ ti Sálámátù ló wọ́ létí lórí òfì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn. Ọdún 1956 ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni tíṣà wá yàn, tí yóò kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ní Kàbbà. Gbogbo ará ilé ti lọ sóko.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Sálámátù wí. Tíṣà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Sálámátù ti fi ìró bo òfì Rachel, kí àlejò má baà béèrè ẹni tó ni ín. Síbẹ̀, kò pa ìrun kankan jẹ.

Ní ilé kéú, Àáfà Gbádéyan bi àwọn ọmọ pé kí ni ohun rere. Ẹnìkan ní ìrun ni, òmíràn ní ààwẹ̀ ni. Àáfà ní àwọn méjèèjì kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti bi Ànọ́bì ní ìbéèrè yìí rí.

"Ànọ́bì ní ìwà dáradára ni ohun rere. Ẹ̀ṣẹ̀ sì ni ohun tó ń rú ọ lọ́kàn, tí o kò fẹ́ kí ènìyàn mọ̀."

Sálámátù tẹrí mọ́ wàláà rẹ̀. Kò lè ka ohun tó wà lára rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó délé, ó jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá òun ránṣẹ́ sí tíṣà. Ìyá àgbà ń ran òwú lọ, kò wojú rẹ̀.

"Ẹnu rẹ ló purọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ni yóò gbé òótọ́ dé Kàbbà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá àwọn tó ń lọ ọjà Kàbbà rìn. Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀, ó kọ ti Rachel. Sálámátù béèrè bóyá àyè mìíràn ṣì wà. Tíṣà ní kò sí.

Nígbà tí Rachel dé, tó gbọ́, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí Rachel yóò lọ sí Kàbbà, Sálámátù ló ru ẹrù rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbérò.

"Inú ṣì ń bí mi," ni Rachel wí. "Ṣùgbọ́n bí o kò bá sọ ọ́, n kì bá tí mọ̀ láéláé."

Ọkọ̀ gbéra. Sálámátù padà sílé, ó sì jókòó sídìí òfì tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ti Sálámátù kò mú èrè wá fún un. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ìrun àti ààwẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí a fi ń bo irọ́. Ẹni tó ń wá ohun rere, kó kọ́kọ́ dá ohun olóhun padà fún un.