Ikọ́ Méjì Ọ̀gá Àgbà

Ikọ́ méjì ni Ọ̀gá Àgbà máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fà á pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi àtàtà." Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í gbìyànjú láti sín in jẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe é kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn dìde dúró. Ọmọbìnrin náà ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Odídẹrẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú àfihàn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ń to tábìlì nínú gbọ̀ngàn. "Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Rìn" ni wọ́n pe àfihàn náà. Kíláàsì kan ti gbé agogo irin wá, òmíràn gbé ẹ̀rọ wáyà tí wọ́n fi ń ta ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láyé àtijọ́. Rédíò kan wà níbẹ̀ tó tóbi bí àpótí aṣọ, tẹlifíṣọ̀n kan sì yọkùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, ni ìyá Odídẹrẹ́ tó jẹ́ atẹ̀wé máa gbé wá fún kíláàsì tiwọn láàárọ̀.

Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí àfihàn rẹ̀ bá wú wọn lórí jù ni wọ́n máa kọ́ ilé rédíò kékeré fún. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Odídẹrẹ́ rí oorun sùn mọ́, nítorí láti kékeré ló ti ń fi ṣíbí ọbẹ̀ ṣe gbohùngbohùn, tó ń ka ìròyìn fún àwọn ará ilé.

"Ó ti rẹ̀ mí," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Jọ̀ọ́, ṣe Ọ̀gá fún mi kí n rẹ́rìn-ín. Ní kó fún wa ní ìsinmi lọ́la. Màá gbà á sílẹ̀ sórí fóònù."

"Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ o."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó mọ nǹkan án ṣe, ẹ ti mú un nìyẹn. Odídẹrẹ́ wúkọ́ kúkúrú, ó wú gígùn. "Ẹ̀yin ọmọ mi àtàtà, a ti sún àfihàn síwájú. Kí oníkálukú jókòó sílé lọ́la, kó sinmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè pa adùn náà mọ́ra, ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan, ọ̀rẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wọ gúrúùpù gbogbo ilé ẹ̀kọ́.

Odídẹrẹ́ tí kò sí fóònù nílé wọn kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ gbọ̀ngàn láàárọ̀, àga lásán ló kí wọn káàbọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan tó wá, àwọn tí kò sí fóònù nílé wọn ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ti dé, ojú rẹ̀ ti wú.

"Mo pa ohùn àná yẹn rẹ́ lórí fóònù mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "àmọ́ ó ti wọ gúrúùpù."

Ọ̀gá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́. Ó wúkọ́ méjì, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù pé àfihàn kò yẹ̀, kí gbogbo wọn máa bọ̀ kíákíá. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wéréwéré. Bó ṣe ń kà wọ́n ni ẹnu rẹ̀ ń là sílẹ̀.

"Wọ́n ní ayédèrú ni mí! Wọ́n ní Ọ̀gá gidi ti sọ̀rọ̀ lánàá!" Ó yíjú sí ìyá Odídẹrẹ́. "Màmá, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní mi ò mọ bí èmi ṣe ń wúkọ́!"

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́," ni ìyá náà dáhùn.

Ní àkókò yẹn ni ọkọ̀ àwọn àlejò yọ lẹ́nu géètì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fa Odídẹrẹ́ létí aṣọ. "Tún un ṣe! Ṣe ohùn Ọ̀gá, kó ní kí wọ́n máa bọ̀. Tìẹ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ Odídẹrẹ́ létí. Ó máa ṣiṣẹ́, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n ó wo Ọ̀gá Àgbà tó ń gbìyànjú ikọ́ rẹ̀ wò jẹ́jẹ́ ní kọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀. Àánú ṣe é gan-an. Bí òun bá tún ṣe é, ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni yóò tún gba ohùn bàbá yìí gbọ́? Ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Èmi ni mo fi ohùn yín ṣeré."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ le. "Láyé ọjọ́un, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ yìí dé, ọ̀rọ̀ kan di ẹgbẹ̀rún. Inú olóòótọ́ dùn, inú òpùrọ́ náà dùn. Ìdí nìyẹn tí ìwé kì í fi í jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láìsí orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. A máa tẹ òótọ́ yìí jáde; ṣé o lè fi tìẹ sí i?"

"Mo lè fi í sí i, Màmá."

"Ó yá, to lẹ́tà."

Odídẹrẹ́ to àwọn lẹ́tà onírin náà láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń yí yíǹkì, ó fi kan imú ara rẹ̀. Àwọn àlejò wọlé, wọ́n rò pé àfihàn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá fa àga jókòó. Ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó ṣì tutù:

"Irọ́ ni ohùn tí ẹ gbọ́ lánàá. Èmi ni mo ṣe é, mo sì tọrọ àforíjì. Ọ̀gá Àgbà gidi ló ń pè yín láàárọ̀ yìí. Ẹ máa bọ̀. Èmi Odídẹrẹ́, ọmọ atẹ̀wé."

Àwọn ọmọ tí kò ní fóònù ń gba àwọn ìwé náà bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n sáré wọ àdúgbò. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Òpùrọ́ wo ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ irọ́? Òótọ́ nìyí!" Ó ya àwòrán ìwé náà, ó jù ú sí gúrúùpù. Kò pẹ́ rárá tí ariwo bàtà fi gba ojú ọ̀nà kan, àwọn míì ń de bọ́tìnnì bọ̀. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Àgbà nínú àwọn àlejò dìde, ó ń nu omi ẹ̀rín lójú.

"A ti rí ẹ̀rọ púpọ̀ káàkiri," ló wí, "ṣùgbọ́n níbí nìkan la ti rí i kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lójú wa. Ilé rédíò ti di tiyín."

Ìyà ò ṣàì wà níbẹ̀ o. Odídẹrẹ́ àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọ gbọ̀ngàn náà títí yíǹkì fi tán lára ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé rédíò parí, Ọ̀gá Àgbà ní Odídẹrẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àti pé ohùn ara rẹ̀ ni yóò lò.

Odídẹrẹ́ jókòó sídìí gbohùngbohùn. Ó ti fi ohùn gbogbo ayé sọ̀rọ̀ rí, tirẹ̀ ló wá ń tì í lójú. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi Odídẹrẹ́ ni, ohùn mi sì nìyí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ì báà jẹ́ ìwé, ì báà jẹ́ rédíò, ì báà jẹ́ fóònù, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀rọ̀. Àwa la ni ọ̀rọ̀. Èyí tí o kò bá lè fi orúkọ rẹ sí, má ṣe rán an níṣẹ́."

Bó ti dákẹ́ ni ikọ́ méjì dún nínú rédíò, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Gbogbo olùkọ́ dìde dúró, wọ́n rò pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bojú wo Odídẹrẹ́ láti ojú fèrèsé ilé rédíò. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.