Ẹni Tí Kò Ṣe Àmín

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Kúdírát ti ìrun àsùbáà dé, ó rí i, àyà rẹ̀ já. Ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí onírin rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Káàdì kan ṣoṣo ló wà ní ipò rẹ̀. Wọ́n rọra fi í lélẹ̀ ni, wọ́n dojú rẹ̀ sókè, bí àlejò tó wá kíni tí kò bá onílé.

Kò sí ẹni tí kò mọ káàdì náà ní Adó lọ́dún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Káàdì Wọ́tì ni, èyí tí wọ́n kọ ogún sí lára. Àwọn ọ̀dọ́ ń ta á níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ju ogún sílẹ̀ ló láṣẹ láti pe ohun tó bá wù ú, ẹni kejì a sì fún un tipátipá. Olè kan ló sọ ọ́ di àmì ara rẹ̀. Ó gbé rédíò ọkùnrin kan tó ń ra kòkó, ó fi ogún sílẹ̀. Ó kó léèsì ìyàwó kọngílá kan tó ń gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, ó fi ogún sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ìlú sọ ọ́ ní Ọ̀gá Wọ́tì, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn olówó. Olè ni, ṣùgbọ́n ìlú ti fi orúkọ bò ó bí ẹni fi ewé bo ìgbẹ́.

Mọ̀dínátù, tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ní Ọjà Ọba, wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ará Ìwó ni àwọn òbí rẹ̀, Adó ni wọ́n bí òun sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní, Àkíbù, jẹ́ onígbàjámọ̀ lẹ́bàá ọjà. Òun náà ni wọ́n ń pè wá sílé láti fá orí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọ. Nígbà tí ìyàwó kọngílá wá sọkún léèsì rẹ̀ lọ́jà, Mọ̀dínátù ló dá a lóhùn pé, "Wọ́tì ti pè ọ́, ìyàwó. Dáhùn." Ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi Ìyá Kúdírát rẹ́rìn-ín? Obì ló ń tà láti ìgbà èwe, ó sì ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí Mẹ́kà. Pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ àti aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ wà nínú àpótí náà. Ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò yóò gbéra. Bí kò bá rí ìwé náà, ilé ni yóò jókòó sí, ó sì ti dàgbà ju ẹni tí í retí ọdún tó ń bọ̀ lọ.

Sájẹ́ǹtì Bámgbóyè, ọlọ́pàá ìlú, lọ mú Olúgbádé, kọ̀ndọ́ kan níbùdókọ̀. Wọ́n bá páálí Wọ́tì lápò rẹ̀, kò sì sí ogún kankan nínú rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ gba ojú ọjà kọjá.

"Níbo ni àwọn ogún inú rẹ̀ wà?"

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

"Ta ló mọ̀?"

"Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni páálí náà máa ń sùn sí. Gbogbo wa la jọ ń ta á."

"Káàdì ń sùn níbẹ̀, ìwọ ń jalè kiri."

"Mi ò jalè rí. Ẹ lọ bèèrè ní ulé wa."

Ẹnì kan gbá a lẹ́nu látẹ̀gbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Mọ̀dínátù gbọ́ "ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀" yẹn dáadáa. Ó gbọ́ ọ, ó sì tutọ́ sí Olúgbádé lára.

"Ó fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà," ni ó wí.

Ọlọ́pàá tú ilé Olúgbádé, wọn kò rí àpótí. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àdúgbò péjọ síwájú ilé Ìyá Kúdírát láti fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìyá arúgbó jókòó sórí àpótí ìjókòó. Àwọn obìnrin wà lápá kan, àwọn ọkùnrin wà níwájú wọn. Ààfáà ní kí wọ́n ṣí ọwọ́.

"Ẹni tó gbé e, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí oorun sùn."

"Àmín."

"Ibi tó bá sá sí, kí ibẹ̀ lé e jáde."

"Àmín."

"Ìyá tó bí i, kó fi ojú ara rẹ̀ rí ìtìjú rẹ̀."

Ohùn Mọ̀dínátù ló ròkè jù. Láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ṣe àmín náà. Bó ṣe ń fi ọwọ́ pa ojú ló rí Àkíbù láàárín àwọn ọkùnrin. Ọwọ́ Àkíbù wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹnu rẹ̀ dì.

Ọmọ tí wọ́n fi àmín tọ́ dàgbà ni. Bí alágbe bá ń ṣàdúrà kọjá lójú títì, tí abẹ wà lọ́wọ́ Àkíbù, tí orí oníbàárà wà lábẹ́ abẹ, yóò ṣe àmín. Bí èémí ló rí lára wọn. Ta ni í di èémí rẹ̀ mú láìnídìí? Ààfáà sọ èyí tó kàn. Gbogbo ọwọ́ ṣí sílẹ̀. Ti Àkíbù wà lápò, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Olúgbádé padà wá sí etí Mọ̀dínátù. Ó wá rántí pé Àkíbù ló fá orí ọmọ-ọmọ Ìyá Kúdírát, nínú yàrá yẹn gan-an. Àkíbù náà ló fá orí ọmọ kọngílá. Mọ̀dínátù ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín sí èpè tirẹ̀.

Nígbà tí èrò tú ká, ó pàdé Àkíbù lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ìgèdè, Màámi. Wọ́n ń kómọ."

"Ní ọ̀sán Jímọ̀?"

"Ọkọ̀ ń lọ, Màámi."

Kò gbé àpò abẹ rẹ̀ dání. Mọ̀dínátù fi gèlè bo iwájú orí, ó tẹ̀ lé e lókèèrè. Àkíbù kọjá àwọn tó ń pe èrò Ìgèdè, kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ̀ Ìgbẹ́mọ ló wọ̀. Mọ̀dínátù wọ èyí tó tẹ̀ lé e.

"Ìrẹsì lẹ tún ń lọ kó, Màmá?" ni awakọ̀ bi í.

"Rárá. Ohun tí mo gbìn ni mo fẹ́ lọ wò."

Abà tí bàbá Àkíbù fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn Ìgbẹ́mọ, láàárín oko ìrẹsì. Àwọn ènìyàn ń kórè lọ́ọ̀ọ́kán. Mọ̀dínátù kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ti ilẹ̀kùn abà ṣí. Òórùn kẹrosín-ìn kọ lù ú. Àpótí onírin wà ní ṣíṣí, rédíò àti léèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tì wà nílẹ̀, kẹrosín-ìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu etí rẹ̀. Ìṣáná wà lọ́wọ́ Àkíbù.

"Ta ló ni èyí?"

Àkíbù fi ìṣáná pamọ́ sẹ́yìn.

"Mo ní ta ló ni ín, Àkíbù."

"Mi ò mọ̀ pé pásípọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀. Aṣọ ni mo rò pé ó wà níbẹ̀."

"Ìṣáná ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá bá ìwé yẹn lọ́wọ́ mi, mo gbé."

"Ìwọ lo gbé. Ìyá arúgbó yẹn ńkọ́?"

Mọ̀dínátù mú ìwé náà nílẹ̀, ó fi í sínú aṣọ, ó so ìró rẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ó jókòó lórí àpótí. Àkíbù kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ rọra jù ú sẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mi ò ní ṣe é mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. Ìyá Kúdírát yóò rí ìwé rẹ̀, yóò lọ. Òun yóò padà sídìí ìrẹsì. Àwọn tó ń pè wọ́n ní àlejò láti ọjọ́ yìí kò ní rí ìyá olè fi kún un.

"Olúgbádé ńkọ́?"

"Wọ́n á tú u sílẹ̀ tó bá yá."

"Wọ́n ti fọ́ ọ lẹ́nu. Èmi tutọ́ sí i lára. Dìde."

Àkíbù dìde wẹ́rẹ́. Òun ló gbé àpótí, òun ló sì jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń sunkún díẹ̀díẹ̀. Mọ̀dínátù rò pé ẹkún náà ti parí ọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe rọra ń kọjá lẹ́nu Ọjà Ọba, Àkíbù bẹ́ sílẹ̀, ó kó sáàárín àwọn aláta, eré ló ń sá.

Mọ̀dínátù bọ́ sílẹ̀, ó la ẹnu. Kí ni yóò pè é? Bó bá pe Àkíbù, wọn yóò yà fún un kó kọjá. Ta ni í mú Àkíbù onígbàjámọ̀? Orúkọ kan ṣoṣo ló lè dá a dúró.

"Olè," ni ó ké. "Ẹ mú un. Olè ni."

Àwọn alápatà ló gbá a mú. Ọ̀pá ti gòkè nígbà tí Mọ̀dínátù já wọ àárín wọn, tó ṣubú lé e.

"Ẹ má lù ú. Ọlọ́pàá ni kí ẹ fà á fún. Èmi ni mo bí i."

Ìyàwó kọngílá wà láàárín wọn, ó ń wò ó. Ì bá sàn kó sọ̀rọ̀.

Awakọ̀ wọn gbé àpótí náà wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Níbẹ̀, Sájẹ́ǹtì Bámgbóyè kò tilẹ̀ gbé kóńdó.

"Ìwọ ni Ọ̀gá Wọ́tì?"

"Èmi ni."

"Olè tó gbọ́n a máa pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Kí lò ń fi káàdì sílẹ̀ fún?"

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ni."

"Ẹni wo?"

Àkíbù gbé ojú sílẹ̀. "Orí àga mi ni àwọn oníbàárà ti máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀gá. Wọ́n ń yìn ín. Èmi á dúró sẹ́yìn wọn, màá máa gbọ́. Wọn ò bèèrè orúkọ mi rí."

"Ìwọ lo yọ ogún kúrò nínú páálí Olúgbádé?"

"Èmi ni."

"O rí i nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ?"

"Mo rí i. Mò ń fá orí ẹnì kan ni."

Mọ̀dínátù jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́. Kò lè sọ pé àwọn oníbàárà nìkan ló yin olè náà títí ó fi wú. Ẹ̀rín tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Wọ́n tú Olúgbádé sílẹ̀. Ètè rẹ̀ wú. Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ fún un lórí símẹ́ǹtì, níṣojú gbogbo ọlọ́pàá.

"Ọmọ mi, forí jì mí."

"Ẹ dìde, Màmá."

"Forí jì mí."

"Mo ní kí ẹ dìde."

Kò sọ pé òun forí jì í. Ó bá ọ̀nà ulé rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò jáde lọ sin àwọn arìnrìn-àjò. Mọ̀dínátù ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Wọ́n kan ilẹ̀kùn náà. Ìyá Kúdírát ló dúró níta, ó wọ aṣọ funfun, pásípọ́ọ̀tì tó ṣì ń rùn kẹrosín-ìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Gbogbo àdúgbò ti fún mi ní orúkọ tí n ó pè nínú àdúrà lókè Àráfà ní Mẹ́kà," ni ìyá náà wí. "Tìrẹ ló kù."

"Mi ò ní, Ìyá."

"O ní. Ọkọ̀ ń dúró dè mí, Mọ̀dínátù."

Mọ̀dínátù wo àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Àkíbù," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

"Àkíbù pọ̀ ní Adó. Ọmọ ta ni kí n pè é?"

Àwọn èrò ń wò ó. Ẹnì kan wúkọ́. Mọ̀dínátù gbé ojú kúrò nílẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ọmọ Mọ̀dínátù."