Ìṣubú Tí Màmá Ń Dúró Dè

Ṣòkòtò funfun ni ọkùnrin náà gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti ya láti ìdí dé orúnkún. Aránṣọ wo ṣòkòtò, ó tún wo ẹni tó gbé e wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí i? Ṣé ajá lé yín ni?"

"Ẹsẹ̀ ni mo gbé sókè, àǹtí." Ojú ń tì í. "Káràtè ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn yín yìí."

Aránṣọ bá a rán an. Lọ́jọ́ kẹta, òmíràn tún ya. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti yé aránṣọ pé ṣòkòtò kì í dédé ya tó báyẹn, ẹnì kan ló ń fà á ya. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ẹ̀rọ nígbà tí kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Wọ́n ní erékùṣù kan lápá ìlà-oòrùn ayé ló ti bẹ̀rẹ̀," Olùkọ́ ń ṣàlàyé fún un. "Àwọn aláṣẹ ò jẹ́ kí ará ìlú ní ohun ìjà lọ́wọ́. Ni wọ́n bá ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lásán gba ara wọn. Ọwọ́ òfìfo ni ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀. A kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí èèyàn."

"Ẹ̀yin ẹ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe nǹkan kan rárá," aránṣọ dá a lóhùn. "Oṣù kejì rèé. Àbí èmi ni kí n sọ ọ́?"

Ẹ̀rín gba ẹnu Olùkọ́, ó sì sọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, òun ò sì fẹ́ kó jẹ́ ṣòkòtò lásán ni yóò máa gbé òun wá.

Màmá aránṣọ gbọ́, ó ní rárá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gbé pẹ̀lú ọkọ tó ń lù ú kó tó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Títí di òní, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ò tọ́.

"Ẹni tí ò kọ́ ìjà ló ṣe mí báyìí," ó sọ fún Olùkọ́ ní pálọ̀. "Ìwọ tó o wá kọ́ ọ ńkọ́?"

"Màmá, mi ò lè ṣe é láéláé."

"Òun náà sọ bẹ́ẹ̀."

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó rí omi lójú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ìwọ Olùkọ́, kọ́ ọmọ mi náà ní káràtè yẹn. Lọ́jọ́ tó bá dá ọ dùbúlẹ̀ lójú mi, ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Bí gbogbo àárọ̀ Sátidé ṣe di ìdánwò nìyẹn. Màmá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì lórí itan. Aránṣọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba, bí wọ́n ṣe ń fi apá gbá ẹ̀ṣẹ́ kúrò lọ́nà, bí wọ́n ṣe ń yọ ọwọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ó kọ́ láti dá ẹ̀ṣẹ́ dúró kó tó kan ara, kí ó ku bí ìbú abẹ́rẹ́. Àmọ́ Olùkọ́ ò ṣubú. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Aṣọ ìgbéyàwó tí aránṣọ ti gé fún ara rẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́, kò lè jókòó rán an.

Ní Sátidé kan, ó gbá ẹsẹ̀ Olùkọ́, Olùkọ́ sì nà gbalaja. Aránṣọ kígbe ayọ̀. Màmá ò mira.

"Mo ti ṣubú nílé ọkọ tó láti mọ ẹni tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ àti ẹni tó dùbúlẹ̀ fúnra ẹ̀."

Aránṣọ yíjú sí Olùkọ́. Olùkọ́ ò lè wò ó lójú.

"Irọ́ lo fẹ́ fi fẹ́ mi?" Inú bí i. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìfẹ́ mi, dúró ná!" Olùkọ́ sáré tẹ̀ lé e, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Aránṣọ ò ronú. Ọwọ́ rẹ̀ yí sí ìhà àtàǹpàkò Olùkọ́, ó bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá gìgísẹ̀ ọkùnrin náà. Olùkọ́ fi ẹ̀yìn lalẹ̀ gbàgà, èémí tán nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ aránṣọ sì dúró síwájú imú rẹ̀, ó ku bí ìbú abẹ́rẹ́.

Olùkọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́," ó ní. "Màmá, ẹ má ka èyí fún mi."

"Mo rí ọwọ́ ẹ. Ọwọ́ ọkùnrin ni, mi ò retí ti áńgẹ́lì. Tọmọ mi ni mò ń dúró dè láti rí."

Aránṣọ ṣì ń mí gúlegúle. "Ṣé wàá tún dì mí mú báyẹn?"

"Mi ò ní ṣe é mọ́ láéláé."

"Tó o bá dán an wò, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yìí ṣì wà ńbí." Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́sàn-án, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ọjọ́ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ mú," Màmá wí, "àmọ́ kó má jẹ́ àárọ̀ Sátidé. Mo níbi tí mò ń lọ."

Ó gbé báàgì kúrò lórí itan, ó bọ́ bàtà, ó wọlé sáàárín gbọ̀ngàn. Ó na ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò tọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Dì í mú," ó ní. "Kó o wá fi hàn mí, díẹ̀díẹ̀, béèyàn ṣe ń gbà á padà."