Ìborí Sífátì Nínú Odò Gbígbẹ

Ọjọ́ tí Odò Sín gbẹ tán pátápátá, ijó ni wọ́n jó ní abúlé Gísò. Láti ìgbà òtútù ni omi ti ń fà, tí àwọn obìnrin ń gbé àwo igi lọ fọ wúrà níbi tí bàbá ńlá wọn ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òdìkejì ni ojú àwọn ọkùnrin wà, ní Talíṣì, nítorí ará Talíṣì ló pa bàbá olórí wọn, Rustó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé afárá okùn, odò nìkan ló ń là wọ́n.

Sífátì, ìyàwó Rustó, ọmọ Talíṣì ni. Málíkó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣì wà lọ́hùn-ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sífátì rí èèpo igi kan tí wọ́n so mọ́ pákó, tó há sáàárín òkúta odò. Ìwé wà lára rẹ̀. Ó gbé e sáré tọ Àáfà Zamán tó mọ̀wé kà, àwọn méjèèjì sì lọ bá Rustó níbi tó ti ń pọ́n idà.

"'Òkè ti ya dí odò,'" àáfà kà á jáde. "'Omi ti di òkun lẹ́yìn rẹ̀, yóò já. Ẹ sá gòkè.' Rustó, àwọn ará òkè odò ló fi ránṣẹ́."

Rustó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ káre, Àáfà. Ẹ bi ìyàwó mi bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́."

"Baálé mi, Málíkó ò mọ álífù."

"Ìyẹn ló ṣe rí wúruwùru báyìí! Wọ́n fẹ́ ká sá ni. Máa lọ sílé, lọ yan búrẹ́dì."

Ogójì ọkùnrin bá Rustó sọ̀ kalẹ̀ sínú odò gbígbẹ. Àwọn ará Talíṣì pàdé wọn láàárín iyanrìn, idà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara. Ọwọ́ ẹnìkan já bọ́, ìka rẹ̀ ṣì di ọ̀kọ̀ mú. Ọ̀kan gbá ìfun ara rẹ̀ mọ́ra, ó ń pe ìyá rẹ̀. Àwo wúrà kún fún ẹ̀jẹ̀.

Sífátì já wọ àárín wọn, ó tú ìborí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Bí obìnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìjà parí. Ẹni tó bá tẹ ìborí náà ti tẹ orí ìyá tó bí i.

"Ẹ dáwọ́ dúró!" Málíkó kígbe sáwọn tiẹ̀, ó ti idà bọ àkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìborí, ó fi kan iwájú orí. "Sífátì, ta ló ní kí orí ẹ wà lásán láàárín ọkùnrin?"

Rustó fẹsẹ̀ tẹ ìdajì aṣọ tó ṣì wà nílẹ̀, ó sì gé Málíkó lọ́rùn.

Àwọn ará Talíṣì ì bá gbẹ̀san, ṣùgbọ́n Málíkó ọmọ wọn ti gba ẹ̀bẹ̀ ìborí náà. Wọ́n gbé òkú, wọ́n fa Sífátì lọ́wọ́, wọ́n padà sí Talíṣì.

"Ẹ wá wo akọni tí aṣọ ń lé!" Rustó ń kígbe, ó ń jó lórí iyanrìn.

"Ẹ má dúró nílé!" Sífátì ń ké sáwọn ará Talíṣì. "Omi ń bọ̀! Ẹ gòkè sí i!"

Òórùn ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ilẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ni omi yọ, ó dúdú, ó ga ju igi àsálà méjì lọ, ó ru òrùlé, ó ru màlúù, ó ru òkú. Láti orí àpáta tí òun àtàwọn ará Talíṣì sá gùn, Sífátì rí Rustó tó yíjú pa dà, tó na idà sí omi bí ẹni ń na án sí ènìyàn. Àáfà Zamán wà létí odò, ó ṣì ń pè wọ́n. Odò gbé gbogbo wọn. Gísò ò ku ògiri kan.

Sífátì ò fọ ẹ̀jẹ̀ Málíkó kúrò lára ìborí náà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Talíṣì fi ẹ̀ka igi lọ́ okùn, wọ́n fẹ́ ta afárá tuntun. Wọ́n gbé e dé etí odò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ká okùn sọ́wọ́, ó fẹ́ jù ú.

"Ìyá, ta ni yóò hán an lọ́hùn-ún?" ó béèrè.

Sífátì wo òdìkejì títí, ó sì ní kí wọ́n ká okùn náà lọ sílé.