Ta Ló Ń Hó Sí Mi Létí?

"Ṣé o tan fáànù ni, àbí o ò tan fáànù?"

Ìbéèrè tí mo fi pàdé Asọ̀rọ̀mágbèsì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé nìyẹn. Kò tíì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Mo ti dìde dúró nídìí kọ̀ǹpútà, íápíìsì mi sì ń fì dirodiro lọ́rùn mi.

"Mi ò tan fáànù," ó ní.

"O tan fáànù! Mo gbọ́ ọ! Láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló ń ṣe ṣììì, bí omi tó fẹ́ hó nínú kẹ́tù. Orí márùn-ún gbáko! Ṣé ohun tí a ní kí o lọ ṣe nìyí?"

Gbogbo ilé ìkàwé yíjú sí wa. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pè ní Ata kì í tètè dákẹ́. Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe torí pé mo kéré tàbí torí pé mo pupa.

Asọ̀rọ̀mágbèsì náà ní ìdí tó fi ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Bó bá ti la ẹnu, àfi kí èèyàn jókòó kó máa gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ohùn rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ sì máa ń já geere lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn la fi yàn án pé kó máa ka ìwé ọrọ̀-ajé sínú fóònù fún Lọ́yà. Lọ́yà ni ọmọ kíláàsì wa tí kò ríran, tó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé agbẹjọ́rò lòun máa dà. Ìdánwò àṣejáde wa ku ọjọ́ mọ́kànlá, kò sì sí ẹ̀dà ìwé ọrọ̀-ajé tí ó lè fi ọwọ́ kà ní gbogbo ilé ìwé. Etí nìkan ló máa fi kà á.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n gbọ́ ohun tí Asọ̀rọ̀mágbèsì bá kà, kí n gé ibi tó bá ti ṣì í kà kúrò, kí n tó fún Lọ́yà. Ká má purọ́, kì í ṣe ọgbọ́n mi ni wọ́n wò tí wọ́n fi yàn mí. Íápíìsì mi ni wọ́n wò. Bùrọ̀dá mi tó ń ṣètò ohùn ní gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé ló fún mi, irú èyí táwọn akọrin máa ń kì bọ etí. Bí èèrà bá gbé itọ́ mì, màá gbọ́. Lọ́jọ́ tó fún mi, ó fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan nípa wáyà kúkúrú kan tó wà nínú páálí rẹ̀, mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wáyà náà ò dára lójú mi, mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo gbé íápíìsì lọ yangàn níléèwé.

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo jókòó sí kà á," Asọ̀rọ̀mágbèsì sọ. "Mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Fáànù wo ló wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín yẹn ló dá kún ìbínú mi.

"Gbé e wá kí èmi náà gbọ́," ó ní, ó na ọwọ́ sí íápíìsì.

"Kí o wá fi ìdọ̀tí etí rẹ yí i? Má fọwọ́ kàn án!"

"Lórí fóònù mi, ó mọ́ kedere."

"Fóònù rẹ ò gbọ́ràn, ìwọ náà ò gbọ́ràn! Ṣé o mọ ohun tí mo máa ṣe?"

Ó rí ibi tí ọwọ́ mi ń lọ. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Jọ̀ọ́, má pa á rẹ́. Kò sí lórí fóònù mi mọ́. Àyè rẹ̀ kéré, bí mo bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni mo ń pa á rẹ́."

Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, mo mọ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo pa orí kìíní rẹ́, mo pa ìkejì, mo pa á títí dé ìkarùn-ún. Mo tún ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kó ohun tí a bá pa rẹ́ sí, mo da ìyẹn náà nù pátápátá.

"Lọ tún un kà," mo ní.

"Ìwọ lo máa kà á," ó ní. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. A ò rí i rí kó sọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Lọ́yà wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó tì mí láìkí mi.

"Asọ̀rọ̀mágbèsì fi orí kẹfà ránṣẹ́ sórí fóònù mi lálẹ́ àná. Ó tún sọ ohun tí o ṣe fún mi. Mo gbọ́ orí kẹfà náà, kò sí ariwo kankan níbẹ̀."

"Fóònù rẹ ni kò lè gbọ́ ọ," mo dáhùn. Inú ṣì ń bí mi, mo sì ń rò pé àwíjàre mi pọ̀. "Jẹ́ kí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí o fi tèmi gbọ́ ọ, wàá mọ̀ pé mi ò purọ́."

A gbé e síbẹ̀. Mo ki íápíìsì bọ etí rẹ̀ fúnra mi, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rí han adájọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa kà.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ń hó lóòótọ́." Ó tẹ́tí díẹ̀ sí i. "Dá a dúró."

"Mo ti dá a dúró."

"O ti dá a dúró? Kò kàwé mọ́?"

"Kò kàwé mọ́."

"Ta ló wá ń hó sí mi létí báyìí?"

Mo gba apá kan íápíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, mo kì í bọ etí. Ṣììì. Ẹnikẹ́ni ò kàwé, ariwo náà ò sì lọ síbì kankan. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi gbọ́ orí márùn-ún, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti dá a dúró kí n tẹ́tí sí ohun tó kù.

Lọ́yà fa íápíìsì náà yọ lára kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ wá ojú ihò fóònù rẹ̀, ó kì í bọ̀ ọ́. Ohùn Asọ̀rọ̀mágbèsì jáde, ó mọ́ bí omi inú ife. A gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn gbólóhùn ìkẹyìn, níbi tó yẹ kí n ti gé e, a gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, tó sì sọ jẹ́jẹ́ pé: "Ooru yìí máa pa mí."

Ojú tì mí débi pé mo wo ilẹ̀ níwájú ẹni tí kò lè rí mi.

"Má bínú," mo ní.

"Màá bínú!" Ó kọ́kọ́ rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, gbogbo ilé ìkàwé ló ń gbọ́. "Kí ló dé tí mi ò ní bínú? Jẹ́ ká ní ó hó lóòótọ́, ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lè fara dà á? Inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń kàwé, láàárín àwọn tó ń jà! Èmi ni mo ni ìwé, èmi ni mo fẹ́ ṣèdánwò. O gbé ìwé mi, o dà á nù, o ò bi mí. Ká ní ìwé tìrẹ ni mo fà ya, ṣé 'má bínú' lo máa gbà lọ́wọ́ mi?"

Mo ká íápíìsì mi, mo forí lé ilé.

Nígbà tí mo délé, mo tún fẹ́ gbé ẹ̀bi náà fún ẹlòmíràn. Mo ju íápíìsì sórí tábìlì níwájú bùrọ̀dá mi. "Nǹkan tí ẹ fún mi yìí ti bà mí jẹ́!"

Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, kò rẹ́rìn-ín. "Íápíìsì yìí ò ṣe nǹkan kan. Etí rẹ̀ ló mú. Kọ̀ǹpútà yín ti gbó, ó ní ariwo tirẹ̀ nínú. Íápíìsì lásán ò lè gbọ́ ariwo yẹn, èyí máa gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí kò bá sí, wáyà kúkúrú yẹn ni wọ́n ń fi sáàárín, kó lè dín agbára tó ń dé etí kù. Ariwo náà á rọlẹ̀, wàá wá gbé ohùn ìwé sókè díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ibo ni wáyà náà wà?"

"Nínú dúrọ́ọ̀."

"Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Asọ̀rọ̀mágbèsì níṣojú gbogbo àwọn tí mo ti pariwo mọ́ ọn níṣojú wọn. Ó kọjá lára mi lọ. Lọ́sàn-án, mo tẹ̀ lé e dé ilé wọn. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ó jókòó sídìí máṣíìnì, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìwọ ni Ata?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà."

"Ọjọ́ mẹ́fà!" Ó ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, gbà! "Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń dá máṣíìnì yìí dúró fún wákàtí kan lọ́sàn-án gangan, kí ariwo má bàa wọ inú ìwé yín. Oníbàárà ń bú mi, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Ìwọ wá fi ìka kan pa á rẹ́, torí inú ń bí ẹ?"

Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ oníbàárà ló kún ibẹ̀, wọ́n so ó kọ́ gbagbaagba. Àpótí ìjókòó kékeré kan wà lábẹ́ wọn, àti táwẹ́lì tí a fi ń nu òógùn. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Mo ti ní ìwọ lo máa kà á," ó ní.

Ìyá rẹ̀ pa máṣíìnì. "Nítorí ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣèdánwò yẹn ni mo fi dá a dúró o. Kì í ṣe nítorí rẹ."

Mo wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo ti rò pé kí èèyàn la ẹnu nìkan ni ìwé kíkà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí òógùn fi ń kán sórí ìwé, ọ̀fun mi gbẹ, owú aṣọ ń rin mí nímú. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ. Mo fi wáyà kúkúrú náà sáàárín íápíìsì àti kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo sì wá ń gbọ́ àṣìṣe ara mi dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lọ́yà dá orí kejì padà fún mi. "Ò ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì," ó ní. "Tún un kà." Mo tún un kà.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, mo fún un ní orí ìkarùn-ún, mo sì fi íápíìsì náà sílẹ̀ fún un kó máa lò ó lára fóònù rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì wà níbẹ̀. Ó ti padà wá sí ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́yà kọ́kọ́ yẹ orí kẹrin wò. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ẹnu rẹ̀ sì yí díẹ̀.

"Ta ló ní 'Ooru yìí máa pa mí'?"

Mo ti gbàgbé láti gé e. Asọ̀rọ̀mágbèsì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wojú Lọ́yà.

"Inú ṣì ń bí mi o," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Jẹ́ kí n ṣèdánwò ná. Bí mo bá jáde, màá wá ráyè bínú sí ẹ dáadáa."

Ó ṣèdánwò náà, ó yege, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ìbínú yẹn. Mo jókòó, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá a lẹ́nu. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ata, inú sì ṣì máa ń tètè bí mi. Ṣùgbọ́n kí n tó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni nísinsìnyí, kí n tó ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ dá gbogbo rẹ̀ dúró, màá tẹ́tí sílẹ̀. Bí ariwo náà bá ṣì ń bá a lọ, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tèmi ló ti ń wá.