Ìlà Tó Wọ́ Lórí Pápá

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan so okùn mọ́ èèkàn méjì, ó fà á títí ó fi le dan-in. Bí a ti ń fa ìlà pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn: ojú ni a ó fi sórí okùn, kẹ̀kẹ́ ẹfun yóò sì máa tẹ̀ lé e. Àṣekágbá ìdíje wọn kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ n bá yín tì í," ni Ẹtu wí.

Ẹtu ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó yára jù nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà. Lánàá, òun àti ẹnìkan forí gbárí níbi ìdánrawò, ó sì ṣubú. Láti mọ̀ bóyá orí rẹ̀ ò fara pa, kóòṣì bi í ní ọjọ́ tí a wà àti ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá kẹ́yìn, ó sì dáhùn wéré. Kóòṣì ò mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ìdáhùn sí i létí. Wọ́n a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn; ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Ẹtu ti kẹ̀kẹ́ náà. Kò tíì dé ìdajì tí ìlà funfun fi okùn sílẹ̀, tó wọ́ gba ọ̀tún lọ.

Ẹ̀gbọ́n kóòṣì, agbẹjọ́rò tó wá wòran, pe àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o rí ìlà yẹn?"

"Oòrùn ló mú un, ẹ̀gbọ́n mi. Láìsí Ẹtu, wọn á lù wá bí ẹni lu bàrà. Ó sì ti fọwọ́ síwèé pé ohunkóhun tó bá ṣe òun, ọrùn òun ló wà."

"Àbí ìwọ náà forí gbá nǹkan ni? Ohun tó gbà ni pé ẹsẹ̀ lè rọ́ lórí pápá. Kò gbà pé kí o rí ewu, kí o dijú. Bó bá dé ilé ẹjọ́, adájọ́ ò ní béèrè iye góòlù. Yóò béèrè pé: kí lo rí? Kí lo ṣe sí i?"

"Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ló ní kó gbá bọ́ọ̀lù lónìí."

"Ẹ ó jọ dúró níwájú adájọ́ nìyẹn. Bí orí yẹn bá sì tún gbá nǹkan, ta ni yóò dá ọmọ ọlọ́mọ padà?"

Kóòṣì wo ìlà náà títí. Ó pe Ẹtu nìkan. "Ta la fẹ́ bá gbá lónìí?"

Ẹtu ya ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Omijé lé sójú rẹ̀. "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ń bọ̀ wá wò mí."

"Láàyè ni mo fẹ́ kó bá ọ."

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọpọlọ rẹ̀ ti mì. Dókítà ní kó sinmi dáadáa. Wọ́n pàdánù ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin aláṣẹ eré ìdárayá, bí eléré bá forí gbá nǹkan, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kó má padà àfi bí dókítà bá ní ó yá. Ìwé tó fọwọ́ sí lè má gbà yín lọ́wọ́ ewu tí ojú yín ti rí. Ẹ̀yin eléré, ẹ má kọ́ ẹlẹgbẹ́ yín ní ìdáhùn. Ìfẹ́ kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ìdíje mìíràn dé, tí dókítà sì ti ní ara Ẹtu yá, òun ló ti kẹ̀kẹ́ ẹfun. Ìlà náà bá okùn lọ láti èèkàn dé èèkàn, kò yà síbì kan. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹjọ́rò, ó ń kígbe orúkọ ọmọ rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá.