Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Àwọn Tó Ṣe É Ti Pa Tì

Òróró àdúrà ṣì ń dán lórí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí Dókítà Èyítọ́pẹ́ Ògúnwálé, ní Sapele Road, ní Benin, nígbà tí Jíbọ́lá oníkọ̀ǹpútà gbé wáyà rẹ̀ dé.

Ètò inú kọ̀ǹpútà yìí ló ń bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Òun ló ń dí ihò tí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti kéde pé àtìlẹ́yìn ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ ti parí, pé àwọn ò ní tún un ṣe mọ́.

"No wàhálà, Mà," Jíbọ́lá ní. "Mo ní kọ́ọ̀dù tí á máa tàn án pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé."

Motọ́lání, ẹnjiníà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀, dábùú ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ rẹ kò ní kàn án!"

"Àjọkẹ́ mi," Dókítà fi oríkì tù ú. "Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́. A sì ti gbàdúrà sí i. Dátà ni ẹ̀dà tuntun yín máa jẹ."

"Àmín sí àdúrà, Mà. Ẹ máa ń gbàdúrà sí abẹ́rẹ́ náà. Ṣé ẹ máa ń gún aláboyún ní èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá? Tí Jíbọ́lá bá wá fi bírò tún ọjọ́ ara ìgò kọ ńkọ́?"

Jíbọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà wa! Kọ̀ǹpútà tún ń lóyún ni?"

"Àkọsílẹ̀ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lóyún ló wà nínú rẹ̀. Bí olè bá wọlé, tó ti fáìlì mọ́ wa lójú, ẹ̀jẹ̀ wo la fẹ́ fà sí abiyamọ lára? Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń rẹ́ ògiri yìí sì ti lọ."

"Bí mo bá pàṣẹ ńkọ́?"

"Ẹ ó kọ́kọ́ lé mi, Mà."

Dókítà kọjú sí Jíbọ́lá. "Ìyàwó rẹ ń bọ̀ wá bímọ níbí, àbí? Ṣé kí n kọ́kọ́ fi fáìlì tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí o fẹ́ tàn yìí?"

Jíbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. "Mà... ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ wà lórí pépà ná."

"Gbéra ńlẹ̀!" Dókítà ní.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí àtìlẹ́yìn ètò kọ̀ǹpútà yín máa parí. Ẹ̀dà kan wà tó ń tètè jáde, tó ń tètè kógbá wọlé. Òmíràn wà tí wọ́n ń tì lẹ́yìn fún ọdún pípẹ́. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í ti òwúrọ̀ ṣepin: ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, kí ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀dà kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá gbé kọ́ọ̀dù èrú wá, ọ̀gá yín ì báà fi oríkì kì yín dalẹ́, ẹ dábùú ẹnu ọ̀nà.